Ṣé ọkọ̀ eré ni ọkọ̀ tí torsion beam wà lẹ́yìn rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, Central Area ni ibi iṣẹ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú owó kí n lè ra ọkọ̀ tó dùn ún wà, kì í ṣe èyí tó kàn máa gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Tòkúnbọ̀ mẹ́ta ni mò ń wò: Scion FR-S 2013, Golf GTI 2011 àti Ford Fiesta ST 2014. Owó mi ká Fiesta dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká Golf, FR-S á gba pé kí n tún ní sùúrù fún bí oṣù mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n má fọwọ́ kan Fiesta rárá, pé torsion beam ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, pé Corolla tó wọ bàtà eré ni. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ìlọrin ni mo máa ń wà á lọ nígbà ọdún.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kó o tó sanwó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Apo, ìgbà tí wọ́n bá ti sanwó tán ni wọ́n ń béèrè.

Ọ̀rẹ́ rẹ mọ nǹkan díẹ̀, díẹ̀ yẹn gan-an ló ń dà á láàmú. Òótọ́ ni pé torsion beam, igi irin tó dábùú láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ló wà lẹ́yìn Fiesta ST. Òótọ́ ni pé òun náà ló wà lẹ́yìn àwọn Corolla tó kún ìgboro wa, láti orí ti 2003 lọ sókè fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó rò pé orúkọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gba kọ́nà. Ìrẹsì kan náà, tòmátì kan náà ni ìyá méjì lè gbé kaná, kí ti ọ̀kan di ohun tí àlejò ń bẹ̀ fún, kí ti èkejì di ohun tí ajá ń wò níran.

Kí n tó máa rojọ́, ìdáhùn mi rèé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, FR-S ló ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dáa jù fún kọ́nà. Golf ló ní èyí tó gbọ́n jù fún ojú ọ̀nà wa, bí gbogbo bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so mọ́ irin, bá ṣì wà láàyè. Fiesta ni mo máa ní kó o rà.

Iṣẹ́ méjì péré ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń ṣe, àmọ́ méjèèjì ń bára wọn jà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí táyà máa lọ sókè sódò bí ilẹ̀ bá ṣe rí, kí egungun ẹ̀yìn rẹ má baà gbọ́ gbogbo kòtò. Bí táyà sì ṣe ń lọ sókè sódò yẹn, kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ibi tó dojú kọ. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Tí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, bọ́dì á fì sí ìta, á sì fẹ́ fa táyà dání kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí táyà bá dà, etí rẹ̀ nìkan ló máa tẹ ilẹ̀, bí ẹni tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Bí imú táyà ẹ̀yìn bá sì yí díẹ̀ sí òsì tàbí sí ọ̀tún láìjẹ́ pé ìwọ lo yí i, ọkọ̀ rẹ ti ní awakọ̀ kejì nìyẹn, ẹ̀yìn ló sì jókòó sí. Kí táyà dúró ṣánṣán, kí imú rẹ̀ má ṣìnà: orí ohun méjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ẹnjiníà ń dá lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dá lé.

Bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nípa Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n tò ní Èkó láti 1975. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ dà bí ìyẹ́ apá ẹyẹ. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíà láàárín, ó ń jù sókè jù sílẹ̀. Bí èèyàn bá wọ kọ́nà pẹ̀lú iná, tí ẹ̀rù wá bà á, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójijì, ìdí ọkọ̀ á gbé sókè, táyà ìta á ká wọ abẹ́ ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó ti fò kúrò nílẹ̀. Ó di kí ọkọ̀ máa wo ibi tó ti ń bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ ló gbé Chevrolet Corvair dé ilé ẹjọ́, òun náà ni Ralph Nader, agbẹjọ́rò tó ń jà fún àwọn oníbàárà, bẹnu àtẹ́ lù ní 1965.

Èmi ò kọ́ṣẹ́ lórí Ìjàpá. Kaduna ni mo ti kọ́ṣẹ́, ìlú tí wọ́n ti ń to Peugeot láti 1975 náà, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. 504 méjì ló fi kọ́ mi ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ti saloon, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan wà lórí apá tirẹ̀, apá náà sì dagun díẹ̀. Ti station wagon, igi irin gbọọrọ kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, sìpíríǹgì mẹ́rin ló sì gbé e dúró. Ọ̀gá mi á ní kí n wa méjèèjì gba ojú irin rélùwéè kọjá, ní ìdagun, kí n má fọ̀rọ̀ sọ, kí n kàn máa fi ìdí gbọ́. Saloon á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé ìkejì, bí ẹni tó ń rọra gun àtẹ̀gùn. Wagon á gbọn gbogbo ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ó yé ẹ?" Mo ní ó yé mi. Ó ní kò tíì yé mi. Ó ní kí n dúró kí wagon yẹn kó èèyàn mẹ́sàn-án àti ẹrù wọn lórí lọ sí Kano, kí n wá wo èwo nínú méjèèjì ni yóò rìn bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó tó ọdún kan kó tó yé mi lóòótọ́: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ò dáa ju èkejì lọ títí wàá fi mọ ẹrù tó fẹ́ gbé, ojú ọ̀nà tó fẹ́ rìn àti ẹni tó máa tún un ṣe.

Torsion beam wà ní àárín saloon àti wagon yẹn. Tó o bá fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mú páálí kan, ká a sí méjì kó dà bíi lẹ́tà V, kó o di orí rẹ̀ méjèèjì mú. Lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ: ó lọ́. Wá gbìyànjú kó o tẹ̀ ẹ́ láàárín: kò gbà. Igi ìdábùú tó wà lábẹ́ Fiesta nìyẹn. Apá méjì ló gùn wá síwájú láti ibi táyà, igi tó lè lọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè tẹ̀ ló dábùú láàárín wọn. Volkswagen ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà tí Golf àkọ́kọ́ jáde ní 1974, òun ló sì wà lẹ́yìn GTI àkọ́kọ́ ti 1976, baba ńlá gbogbo ọkọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ní ọkọ̀ eré gidi. Bó o bá fẹ́ dá a lẹ́kun, sọ ìyẹn fún un kó o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Mi ò ní bo àbùkù rẹ̀. Ohun tó bá táyà ọ̀tún, ti òsì á gbọ́ sí i, nítorí igi kan náà ló so wọ́n pọ̀. Nínú ẹ́sítéètì tí bọ́m̀pù rẹ̀ ti jẹ lápá kan, wàá mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó wúwo ju ìyẹn ni pé bọ́ọ̀ṣì méjì péré ló so gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́dì, iwájú táyà ni wọ́n sì wà. Nígbà tí kọ́nà bá ń ti táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà méjèèjì á fún pọ̀, gbogbo igi náà á yí díẹ̀ bí ẹni tó sún ìjókòó rẹ̀, táyà ẹ̀yìn á wá máa wo ìta kọ́nà. Ìdí ọkọ̀ á fẹ́ jáde nìyẹn. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń wò ó sàn ni pé wọ́n ń fi bọ́ọ̀ṣì náà sí ìdagun, débi pé bí ó bá ṣe ń fún pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi á ń yí padà sí ibi tó yẹ. Opel tilẹ̀ fi ọ̀pá mìíràn kún un lẹ́yìn Astra ti 2009 kó má baà sún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá.

Lẹ́yìn Fiesta ST, igi náà le gan-an. Bí awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà bá gba ìyípo pẹ̀lú iná, táyà ẹ̀yìn ti inú á kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Àwọn èèyàn á pariwo pé ọkọ̀ fẹ́ dànù. Kò fẹ́ dànù. Nígbà tí ẹ̀yìn bá le báyìí, òun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń ya lọ sí ìta kọ́nà, ẹrù tí ì bá já lé táyà iwájú kan ṣoṣo lórí. Táyà iwájú méjèèjì á wá pín iṣẹ́ wọn dáadáa, wọ́n sì nílò rẹ̀, torí àwọn náà ló ń fa ọkọ̀, àwọn náà ló ń yà á. Ohun tó mú kí imú Fiesta máa wọ kọ́nà bíi pé okùn ni wọ́n fi fà á nìyẹn. Ọkọ̀ náà kò ju bí 1,230 kílò lọ, agbára ẹṣin 197 ló ní, kò sì sí ibi tó ti ń fọ́nnu ju ojú ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ. Mo wa ti oníbàárà mi kan láti Bwari lọ sí Ushafa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Mo padà dé, mo tún yí i padà lọ.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá sì sọ pé ìtàn lásán ni mò ń pa, ìṣirò rèé. Ní 2017, Honda Civic Type R, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní multi-link (ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí táyà kọ̀ọ̀kan ti dá dúró lórí apá púpọ̀ tirẹ̀), sá pápá Nürburgring ní Jámánì, kìlómítà 20.6, ní ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 43.8. Ní 2019, Renault Mégane R.S. Trophy-R sá kìlómítà 20.6 kan náà ní ìṣẹ́jú 7 àti àáyá 40.1. Kí ló wà lẹ́yìn Mégane? Torsion beam. Kí n má ṣe jẹ́ ẹlẹ́rìí èké: wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn Mégane yẹn kó lè fúyẹ́, wọ́n sì fún un ní táyà tó gbóná janjan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan kọ́ ló gba ife. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wá sọ fún wa mọ́ pé igi ìdábùú ò lè sáré.

Ó dáa, Golf. Multi-link ni Golf láti orí èyí tó jáde ní 2003, GTI 2011 tó ò ń wò sì jogún rẹ̀. Mercedes 190, Baby Benz tí àwọn ọ̀gá àgbà ń gùn nígbà tá a wà lọ́mọdé, ló fi apá márùn-ún sí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní 1982 tí gbogbo ayé fi ń wò ó. Ti Golf jẹ́ apá mẹ́rin. Èyí tó gùn wá síwájú ń gba ìjàǹbá kòtò, mẹ́ta tó dábùú ń bójú tó bí táyà ṣe dúró àti ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú pínpín iṣẹ́. Wọ́n lè fi rọ́bà rírọ̀ sí ibi tó ń gba kòtò, kí ìdí rẹ má baà gbọ́ nǹkan kan, kí wọ́n sì fi èyí tó le síbi tó ń di imú táyà mú. Torsion beam ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì méjì kan náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí GTI fi máa ń gba ọ̀nà Lokoja bí ẹni tó sùn dáadáa mọ́jú, nígbà tí Fiesta á ti fi gbogbo òkúta hàn ọ́ kó o tó dé Abaji.

Wàá wá ní kí ló dé tí mi ò ní kó o ra Golf. Bọ́ọ̀ṣì ni. Ka gbogbo rọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn Golf, ó jẹ́ nǹkan bíi méje fún táyà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlá lápapọ̀. Ti Fiesta, yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀kì, méjì. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá ni gbogbo ohun tá à ń sọ yìí, tó ti rìn ní Amẹ́ríkà, tó wá dé ibi tí oòrùn ti ń gbẹ rọ́bà, tí ọyẹ́ sì ń da eruku sí i.

Lọ́dún kan, ẹnì kan gbé GTI wá sọ́dọ̀ mi láti Jabi. Ó ní bí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà máa ń jó lójú ọ̀nà Airport. Ó ti ra táyà mẹ́rin tuntun. Ó ti ṣe alaínmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì níbì kan, wọ́n ní kò sí ìṣòro. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kọ́kọ́ má gbé e sókè. Mo tẹ̀ ba, mo fi àtẹ́lẹwọ́ fa ojú táyà ẹ̀yìn láti ìta wá sí inú: ó dán bí ojú abọ́. Mo fà á láti inú lọ sí ìta: ó ń gé mi lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Táyà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ pé imú táyà yẹn ò dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, pé ó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo kìlómítà. A wá gbé e sókè. Mo ti irin gígùn bọ àárín apá kékeré tó ń di imú táyà mú, mo rọra tẹ̀ ẹ́, apá náà mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Nínú ihò rẹ̀, rọ́bà táyà àlòkù tí ẹnì kan fi ọ̀bẹ gé ló wà níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀ṣì. Bóòtì tí wọ́n fi ń yí imú táyà yẹn sì ti dípẹtà mọ́ inú irin. Kò sẹ́ni tó yí i láti ìgbà tí ọkọ̀ ti wọ Nàìjíríà. Àwọn tó ṣe alaínmẹ́ǹtì ò dé ẹ̀yìn rárá, táyà iwájú nìkan ni wọ́n yí tí wọ́n sì gbowó.

A fi iná yo bóòtì yẹn jáde, a pààrọ̀ apá mẹ́fà, a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Ọkọ̀ náà padà di Golf. Owó tó ná lórí rẹ̀, mi ò ní sọ, torí ó ṣì ń kí mi.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé multi-link tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú burú ju torsion beam tó wà láàyè lọ. Apá mẹ́rin tí kò gbọ́ ara wọn yé dà bí ẹgbẹ́ akọrin tí olúkúlùkù ń kọ orin tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ò fi ti orúkọ ṣe: Golf 7 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré ní Yúróòpù, torsion beam ni wọ́n dá padà sí i lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni Mazda 3 ti 2019 fi multi-link tó ti ń lò láti 2003 sílẹ̀. Torsion beam fúyẹ́, kì í gba àyè, kì í gbówó lórí.

FR-S nìkan ni táyà ẹ̀yìn ń tì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni Toyota 86, Subaru BRZ sì ni ìbejì rẹ̀; Scion lorúkọ tí wọ́n fi tà á ní Amẹ́ríkà. Double wishbone ló wà lẹ́yìn rẹ̀: apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀, ti òkè sì kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Kíkúrú yẹn ni idán rẹ̀. Bí bọ́dì bá ṣe ń fì sí ìta, tí táyà ìta ń gbé sókè, apá tó kúrú á máa fa orí táyà wọlé, ohun tí fífì fẹ́ bàjẹ́ ni apá náà ń tún ṣe. Táyà á dúró ṣánṣán nígbà tó yẹ kó dà. Mazda MX-5 ti 1989 ní irú rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kó tó di pé wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí multi-link ní 2005, tí kò sì dín adùn rẹ̀ kù. Mi ò dárúkọ MX-5 fún ọ nítorí pé ìjókòó méjì péré ló ní, mo sì mọ bí ẹrù ìgbà ọdún ṣe máa ń rí.

Ohun kan wà nípa FR-S tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Tetsuya Tada, ẹnjiníà àgbà tó ṣe é, mọ̀ọ́mọ̀ fi táyà 215/45R17 tí kò di ilẹ̀ mú púpọ̀ sí i, irú táyà kan náà tó ń lọ lára Prius. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà máa bá awakọ̀ ṣeré láti ìwọ̀n eré tí kò pọ̀, kó má ṣe jẹ́ pé àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fò ni yóò tó dùn. Ní pápá eré, ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Lójú ọ̀nà Kubwa ní oṣù kẹjọ, tí omi dúró lójú títì, tí táyà tòkúnbọ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ, àdánwò ni. Bó o bá padà rà á, bọ́tìnì tó ń pa ẹ̀rọ adènà-yíyọ̀, má fọwọ́ kàn án. Ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, bó o bá ti wà láàárín kọ́nà tó o rí i pé eré ti pọ̀ jù, má ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójijì. Rọra gbé e. Àṣìṣe àwọn tó wa Ìjàpá ò tíì kúrò láyé, ó kàn ti dín agbára kù ni.

O ò béèrè nípa Mustang, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ á dárúkọ rẹ̀. Títí di ti 2014, igi irin gbọọrọ bíi ti 504 wagon ló wà lẹ́yìn rẹ̀. 2015 ni gbogbo Mustang tó bọ́ síta wá ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dá dúró. Ká tẹ̀síwájú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Fiesta? Nítorí owó rẹ ká a, owó tó bá ṣẹ́ kù sì lè ra táyà tuntun àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra FR-S tó wá gbé e lórí táyà àlòkù kò ní dé ibi tí ẹni tó wa Fiesta lórí táyà tó dáa dé. Nínú gbogbo ohun tó ń mú ọkọ̀ gba kọ́nà, táyà ló ṣáájú, bọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e, orúkọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ní ìparí kódù DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2316 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Bí fọkanáísà bá ní tuntun ni, kó jẹ́ nọ́ńbà yẹn lo kọ́kọ́ kà.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ nípa ohun kan lára Fiesta tí kò kan igi ìdábùú rárá. Táyà rẹ̀ jẹ́ 205/40R17. Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn kò ga ju mílímítà 82 lọ. Níbikíbi tí tírélà bá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, rímù á tẹ̀ kó o tó mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀. Bí o bá rí rímù 16 tó gba búrékì rẹ̀ láàyè, fi 205/45R16 sí i: gíga gbogbo táyà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì fi bíi mílímítà mẹ́wàá ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ìtẹ́rùn tí wàá rí á ju mílímítà mẹ́wàá lọ. Má sì gé sìpíríǹgì o. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gé sìpíríǹgì kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀ bíi ti orí fóònù. Ọkọ̀ yẹn ti lọ sílẹ̀ tó láti ilé iṣẹ́. Bó o bá tún gé e, orí rọ́bà adènà ni wàá máa gbé, bọ́m̀pù àkọ́kọ́ ní Gwarinpa á sì dá ọ lẹ́jọ́.

Tó o bá fẹ́ lọ wò ó, ọ̀sán ni kó o lọ, kí o sì béèrè ìpínlẹ̀ tó ti wá ní Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ ibi tí yìnyín ti ń já bọ́, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ti bá irin abẹ́ rẹ̀ jẹun. Tẹ̀ ba wo ibi tí igi ìdábùú ti so mọ́ bọ́dì lápá méjèèjì. Rọ́bà tó ti sán á fi ara rẹ̀ hàn. Wo ara igi náà fúnra rẹ̀, láti òpin dé òpin, bóyá wọ́n ti jó o pọ̀ níbì kan. Igi tó ti gba kòtò ńlá tàbí tó ti kọlu etí ọ̀nà, kò sí bóòtì tí wọ́n máa yí láti tún imú táyà rẹ̀ ṣe bíi ti Golf, pípààrọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ fa ojú táyà ẹ̀yìn bí mo ṣe ṣàlàyé. Bó bá gé ọ lọ́wọ́ lápá kan, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dáa, gbà á lọ́wọ́ wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wá bọ́m̀pù kan, jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan gùn ún, kó o sì pa rédíò. Ó yẹ kó o gbọ́ ìró kan ṣoṣo tó ki, gbù. Tó o bá gbọ́ méjì, gbù-gbà, ṣọ́ọ̀kì tàbí bọ́ọ̀ṣì ti lọ nìyẹn, kí o yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.